Igun tí Màámi Ní Kí N Má Tú

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òdòdó kò lè dẹ́rù ba èèyàn, ẹ ní kó wá sílé wa l'Éjìgbò nírọ̀lẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí igun ọ̀tún lẹ́bàá géètì, kó máa fa koríko. Bí nǹkan kan ò bá fa etí aṣọ rẹ̀ látẹ̀yìn, kó wá pè mí ní òpùrọ́. N ò ní bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò sọ fún mi pé irọ́ ni mò ń pa.

Kàdíjà ni mò ń jẹ́. Abíjàn ni wọ́n ti wò mí dàgbà, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò, ilé òyìnbó obìnrin kan ní Kòkódì, àdúgbò àwọn olówó ibẹ̀, ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ òdòdó. Màdáàmù yẹn fẹ́ràn òdòdó ju èèyàn lọ. Gbogbo etí ibi tí koríko ilé rẹ̀ parí sí, àlùbọ́sà ló gbìn yí i ká. Kì í ṣe èyí tí à ń gé sọ́bẹ̀ o. Èyí kì í ta ìdí ńlá. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó rí pẹlẹbẹ, bí ẹ bá sì já a, á máa rùn bí aáyù. Tí àkókò rẹ̀ bá tó, yóò na ọ̀pá kan gbọọrọ sókè láàárín ewé, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ yóò sì kóra jọ sórí ọ̀pá náà roboto. Sibulẹ́ẹ̀tì ni Màdáàmù ń pè é. Àlùbọ́sà olódòdó lèmi ń pè é, òun náà sì ń dáhùn.

Nígbà tí Gàníyù ọkọ mi ní kí n máa bọ̀ nílé wá dúró ti ìyá òun, kóun ṣì máa bá òwò táyà lọ l'Ábíjàn, mo bẹ Màdáàmù, ó hú ìdí mélòó kan fún mi. Mo fi àpò tútù wé e, mo gbé e sórí itan mi kan nínú ọkọ̀. Qàwíyyàt ọmọ mi wà lórí itan kejì. Ní gbogbo ẹnu ibodè tá a gbà kọjá ni wọ́n ti ń bi mí pé kí ló wà nínú àpò, èmi náà sì ń dá wọn lóhùn pé ewé ọbẹ̀ ni.

Bàrákátù lorúkọ ìyá ọkọ mi. Màámi ni gbogbo wa ń pè é. Ó wo ohun tí mo tú kalẹ̀, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Qàwíyyàt, àwọn kan ń ti Abíjàn kó góòlù bọ̀, ìwọ kó koríko bọ̀. Ṣé ó ṣeé sè?"

"Ó ṣeé sè, Màámi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é."

"A ò ní sè é, a ò ní jẹ ẹ́. Kí la wá fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ó máa wò ó ni."

"Kí n máa wò ó!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ó dáa, ẹ má bu oúnjẹ fún mi lálẹ́ yìí o. Mo ti wo òdòdó yó."

Bá a ṣe ń gbé nìyẹn. Mo gbin òdòdó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ibi tí géètì wà báyìí, Màámi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Qàwíyyàt kì í sì jẹ́ kí n ráyè. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí òdòdó, yóò wá dúró sẹ́yìn mi, yóò di etí ìró mi mú, yóò máa fà á. Kì í sunkún, kì í bèèrè nǹkan kan. Ó kàn ń fà á kí n lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀ ni. Èmi náà á ní, "Mo ti gbọ́, ìyá mi," á tún rọra fà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibà ló mú un lọ. Ó mu ẹ̀kọ láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa kírun Alásárì, gìrì ti gbé e. A gbé e dé ọsibítù, a sì gbé e padà. Bàbá Ràmọ́nù, àbúrò bàbá ọkọ mi, ló gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Màámi àtàwọn obìnrin ilé wọ́ mi wọ yàrá inú, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó tì mí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń jáde. Mo tẹ́tí títí kí n lè mọ̀ bóyá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà tàbí ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ẹkún àwọn obìnrin ò jẹ́ kí n gbọ́. Mo ti rò ó lẹ́yìn náà pé bóyá ìdí tí wọ́n fi ń sunkún tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Wọ́n ní bí ìyá bá mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀, inú rẹ̀ ò sì ní ṣí sí òmíràn. Bàbá pàápàá, wọn kì í sọ fún un. Mo mọ àṣà yìí kó tó kàn mí, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀ létí mi nígbà náà. Ìgbà tó kàn mí ni mo tó mọ̀ pé ìkà ni.

Láti ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní Ìyá Qàwíyyàt mọ́. Mo di "Ìyàwó" fún gbogbo ilé. Nígbà tí mo bí Àbdùlláhì, mo di Ìyá Àbdùlláhì, inú gbogbo èèyàn sì dùn pé a ti rí orúkọ mìíràn pè mí. Inú tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n n ò yé wá ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ mi àkọ́kọ́ sí. Mo wo ẹ̀yìnkùlé, nítorí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sábà máa ń gbé ọmọdé sí. Mo wo ìdí kaṣú. Mo wo oko wa lọ́nà ìlú Ara, mo ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò bóyá ibì kan rọ̀ ju ibì kan lọ. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá Ràmọ́nù.

"Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ sáà fọwọ́ júwe fún mi."

"Ìyàwó, ohun tí wọn kì í sọ, wọn kì í fọwọ́ júwe rẹ̀. Dìde. Ọlọ́run á rọ̀ ọ́ lójú."

Ọlọ́run ò tíì rọ̀ mí lójú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà náà tí mo kà sí oore. Ọjọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ jáde síta lẹ́yìn ọ̀fọ̀ náà, Màámi ni mo bá níwájú ilé, tó bẹ̀rẹ̀ sí igun ọ̀tún, tó ń gbin àlùbọ́sà olódòdó. Ó ti hú u nínú tèmi. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún yẹ̀pẹ̀ dé ìgúnpá.

"Màámi, òdòdó tí kò ṣeé jẹ?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ ṣófo," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Igun yìí, tèmi ni. Máa tú tìẹ bó o ṣe ń tú u. Má tú tèmi láéláé."

Mo rò pé ó ń fi ìyẹn tù mí nínú ni. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún.

Ẹni tó bá ń gbin nǹkan yìí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ò bá iṣẹ́ mu. Àlùbọ́sà olódòdó kì í dá gbé. Ọ̀kan á di mẹ́wàá, wọn á fún ara wọn pọ̀ títí wọn ò fi ní rí ilẹ̀ jẹ. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ máa fi ṣọ́bìrì hú u lọ́dún méjì-méjì, kí ẹ tú ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tún un gbìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí mo bá ń tú máa ń tan òdòdó tó tó ìkúùkù ọmọdé. Igun Màámi ń há mọ́ra, òdòdó rẹ̀ sì ń kéré sí i lọ́dọọdún títí ó fi dà bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ó máa ń bí mi nínú. Mo lè wo ilé tó dọ̀tí, n ò lè wo òdòdó tó há.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u. Ó ń jìyà."

"Kò jìyà. Fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́."

Bá a ṣe wà nìyẹn títí Màámi náà fi lọ. Ó fi ọwọ́ rọrí kú, ó dàgbà, a ò bínú sí Ọlọ́run. Ìgbà tó lọ tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fa koríko igun rẹ̀, nígbà náà sì ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ẹ̀gún ló kọ́ mi láṣọ. Mo bojú wẹ̀yìn, n ò rí ẹ̀gún. Ọjọ́ kejì, ó tún fà á. Nígbà tó yá, mo mọ àkókò rẹ̀: kí wọ́n tó pèrun Mọ̀gàríbì, tí oòrùn bá ti bọ́ sẹ́yìn ilé, tí adìyẹ bá ti ń wọlé. Kì í fà á pẹ̀lú agbára. Ìsàlẹ̀ ló ti máa ń fà á, lápá òsì. Gbogbo irun ara mi á dìde. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Koríko ni mò ń fà. N ò tú u o, n ò tú u."

Bẹ́ẹ̀ ni o, Màámi ni mo rò pé ó ń bínú sí mi. Ta ni n bá tún rò? Obìnrin tó ní kí n má fọwọ́ kan igun òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mo sì ń fọwọ́ kàn án. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣe kí wọ́n ní Ìyàwó ti ya wèrè ni? Mo ń dá nìkan bẹ̀rù nínú ilé ńlá, nítorí Àbdùlláhì ti lọ bá bàbá rẹ̀ l'Ábíjàn, ó ń kàwé níbẹ̀. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ti ilẹ̀kùn iwájú ilé, mo sì máa ń gba ẹ̀yìn jáde.

Ẹ wá wò ó bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí Gàníyù pè mí lórí fóònù pé òun ń gbé mọ́tò bọ̀ fún Iléyá, òun sì fẹ́ kí wọ́n fi íntálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo iwájú ilé, kò gbọdọ̀ ku ibì kan.

"Òdòdó ẹ ńkọ́?" ló bi mí. Ó rò pé màá jà.

"Kí wọ́n tẹ́ ẹ pa," mo ní. "Gbogbo rẹ̀."

Sùlàímọ́nù ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló wá tẹ́ íntálọ́ọ̀kì náà. Ọkùnrin náà ò ní bíréèkì lẹ́nu. Láti àárọ̀ tó ti dé ló ti ń pè mí ní Màdáàmù Abíjàn, tó ń bi mí bóyá mo lè bá òun wá ìyàwó tó gbọ́ Faransé, kó lè máa bú òun lédè tí kò ní yé òun. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó ta okùn láti ògiri dé ògiri, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀. Èmi náà ń fi ṣọ́bìrì hú àlùbọ́sà mi, mo ń kó o sínú abọ́ ńlá, nítorí Rose, tíṣà kan ní Masifa, ti bẹ̀ mí pé kí n kó o fún òun láti gbìn síwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo hú ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tán. Ó wá ku igun ọ̀tún.

Wọ́n ti kírun Alásárì. Oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn ilé. Mo ká ìró mi sókè, mo so ó mọ́dìí le dandan, kò sí etí tí ẹnikẹ́ni lè rí fà. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, "Màámi, lónìí la ó parí ẹ̀." Mo fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́bìrì, ó wọlẹ̀ díẹ̀.

Ó fà á. Bí mo ṣe so ìró náà le tó, ó rí ibi dì mú. Kò sì rọra fà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń fà á, ó ń fà á, ó ń fà á, bí ìgbà tí ọmọ bá rí i pé ìyá òun fẹ́ jáde láìmú òun dání.

"Màámi, ó tó!" Mo pariwo. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè láti tún ṣọ́bìrì tẹ̀.

"Ìyá Qàwíyyàt! Má gbẹ́ ibẹ̀!"

Ẹsẹ̀ mi dúró lókè. Bàbá Ràmọ́nù ló wà lẹ́nu géètì. Ó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ọ̀pá rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan kó má jábọ́. Ọdún ti gorí ọdún tí n ò ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé náà.

Òun náà gbọ́ ohun tó sọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyàwó," ló ní. "Mo ní... Ìyá Àbdùlláhì. Gbé ṣọ́bìrì yẹn sílẹ̀. Lọ bá mi ra obì wá."

"Bàbá, ẹ kì í jẹ obì mọ́. Ẹ ò léyín."

"Lọ rà á."

Mo lọ. N ò mọ bí mo ṣe rìn dé ìsọ̀ olóbì, n ò sì mọ ohun tí mo sọ fún un. Nígbà tí mo padà dé, Bàbá ti jókòó sórí bíríkì, Sùlàímọ́nù sì ń tú èèkàn rẹ̀. Ó ń ta okùn náà lọ́tun, ó ń jẹ́ kó yí igun yẹn po. Ó ti ṣí fìlà. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tó ń pè mí ní Màdáàmù Abíjàn láti àárọ̀, kò lè gbójú sókè wò mí.

"Ẹ kú àbọ̀, mà," ló wí fún ilẹ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bàbá ò sọ fún mi. Sùlàímọ́nù, tí a ò bára tan, tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán tí yóò padà s'Ífẹ̀-Ọ̀dàn, òun ni wọ́n lè sọ ọ́ fún. Èmi ni wọn ò lè sọ ọ́ fún. Mo dúró pẹ̀lú obì lọ́wọ́, mo ń wo àlùbọ́sà tó há mọ́ra, tí òdòdó rẹ̀ ò ju bọ́tìnnì lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń wá a látọjọ́ yìí. Iwájú ilé ni wọ́n gbé e sí, níbi tí mò ń gbà wọlé tí mò ń gbà jáde.

Mo kó obì fún Bàbá. Ó gbà á, ó ń yí i lọ́wọ́, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun pe Gàníyù, kí n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

Gàníyù gbọ́ pé wọn ò ní tẹ́ igun náà, ó ta kìjí, Faransé sì yọ lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, mọ́tò ò ní ríbi yí! *Mais* kí leléyìí náà? Nítorí àlùbọ́sà lásán-làsàn?"

"Mo ní kó o fi igun yẹn sílẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Bàbá tún yí obì náà lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ sọ fún mi, kó lè yé mi."

"N ò lè sọ ọ́ fún ọ, Gàníyù."

"Ta wá lẹ lè sọ ọ́ fún?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Ìwọ nìkan ni n ò lè sọ ọ́ fún. Ìwọ àti..." Ó wò mí, ó gbé ojú kúrò.

À ń gbọ́ fèrè mọ́tò l'Ábíjàn, à ń gbọ́ ẹni tó ń kiri omi tútù. Mo gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń mí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó dà bí ohùn ọmọdé.

"Ẹ bá mi fi í sílẹ̀, Bàbá."

Ó dé fún Iléyá lóòótọ́. Mọ́tò náà ò rí ibi yí, ẹ̀yìn odi ló máa ń sùn. Àwọn èèyàn tó wá kí i ń fi íntálọ́ọ̀kì wa ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ó dà bí ẹ̀wù tí eku jẹ nígun. Gàníyù bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà ò sì sọ nǹkan kan fún un. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ mọ̀, nítorí náà a ò mọ̀. Èmi kàn máa ń jẹ́ kí etí ìró mi wọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi báyìí tí mo bá ń fa koríko ni. Gàníyù ní ó ń dọ̀tí. Mo ní kó dọ̀tí.

Ọjọ́ kẹta ọdún, kí wọ́n tó pèrun Mọ̀gàríbì, mo gbé abọ́ àwo jáde láti ilé ìdáná, mo sì bá Gàníyù níbi tó lóṣòó sí ní igun ọ̀tún. Ó wọ jálàbíà funfun. Kẹ́tùlù àlùwàlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń da omi sídìí òdòdó.

"Ṣé ó máa ń fẹ́ omi púpọ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni," mo ní.

"Ó kéré."

"A ò tú u rí ni."

"Ṣé a máa ń tú u?"

"À ń tú àwọn yòókù. A kì í tú eléyìí."

Ó mi orí. Ó tún da omi díẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ gan-an, abọ́ wà lọ́wọ́ mi méjèèjì, kò sì sí ẹlòmíràn níta. Lójijì ló dá ọwọ́ dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo etí jálàbíà rẹ̀ lápá òsì nísàlẹ̀, ó yí ojú padà, ó wò mí. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó fẹ́ na ọwọ́ sẹ́yìn láti fa aṣọ náà gbà.

"Ẹ má gbà á," mo wí fún un. "Ẹ jẹ́ kó dì í mú, Bàbá Qàwíyyàt."